Sìmbíátù Lórí Àga Ọ̀gá

Ọdún kẹfà rèé tí Sìmbíátù ti ń gbálẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun mọ ojú rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Aṣọ búlúù kan báyìí ni, tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí lẹ́yìn. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́, tó ń ti mọ́ọ̀pù bọ̀ lábẹ́ tábìlì, oníkálùkù á gbé ẹsẹ̀ sókè kí ó lè kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ẹnu dúró. Bẹ́ẹ̀ ni Sìmbíátù ṣe mọ ẹni tó ń wá iṣẹ́ síbòmíràn, ẹni tó fẹ́ kọ ìyàwó rẹ̀, àti ẹni tó ní òun ń ṣàìsàn nígbà tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ló lọ. Ta ní ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mọ́ọ̀pù?

Ará Ìkirè ni, ó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú. Awoyaya ló ń gbé. Ọgbà kan náà ni òun àti Lateef, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ti gba yàrá. Ìdí nìyí tó fi mọ ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn Awoyaya lọ́hùn-ún, ibì kan wà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè ní Àbàtà Ọ̀pọ̀lọ́. Orúkọ náà kò fi nǹkan kan pamọ́. Àbàtà ni, ọ̀pọ̀lọ́ ló sì ni ín. Nígbà òjò, omi ibẹ̀ á mu ènìyàn dé orúnkún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á mu ún dé kókósẹ̀. Sìmbíátù lọ já ewé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàtà rẹ̀ kan sì ṣì wà nínú ẹrọ̀fọ̀ náà títí di òní.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ra ibẹ̀, Sìmbíátù ló gbé omi mímu wọlé fún wọn níbi ìpàdé. Ó gbọ́ tí Hakeem, ọ̀gá àwọn tó ń polówó ọjà, ń ṣàlàyé pé àwọn yóò gé ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, àwọn yóò sì máa pè é ní Omi-Ayọ̀ Waterfront. Ọ̀rọ̀ náà yún un lẹ́nu, kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "irà nibẹ̀ yẹn o. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ilé kò lè dúró níbẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí i bí ẹni pé àga ló fọhùn. Hakeem wo ìgò omi ọwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "omi yìí ò tutù tó. Ẹ bá wa mú òmíràn wá."

Sìmbíátù mú òmíràn wá. Ọ̀rọ̀ tán.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà Ṣèyílọ́lá dé. Obìnrin yìí lọ kàwé rẹpẹtẹ lórí ìwà ọmọ ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ a sì máa pè é kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó kó gbogbo wọn jọ sínú gbọ̀ngàn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ rò pé tiyín ni ìwà tí ẹ ń hù," ó ní. "Irọ́ ni. Àga tí ẹ jókòó lé ló ń hù ú. Ẹni tó wà lókè rò pé ọgbọ́n òun ló gbé òun débẹ̀. Kò mọ̀ pé torí pé òun wà lókè ni wọ́n ṣe ń pe òun ní ọlọ́gbọ́n."

MD wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé, bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan ni, ohùn rẹ̀ a máa wọ yàrá ṣáájú rẹ̀. "Dókítà, ìyẹn ò kàn mí," ó ní. "Èmi tí ẹ ń wò yìí ti kiri omi inú ọ̀rá rí ní Òṣòdì. Ẹ gbé mi síbi tó bá wù yín, Olúwọlé ni Olúwọlé yóò máa jẹ́."

"Ẹ ṣeun sà," ni Dókítà fèsì. "Ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá."

Báyìí ló ṣe ṣètò ohun tó pè ní Pàṣípààrọ̀ Ipò. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, MD ni yóò máa gbálẹ̀, gbálẹ̀gbálẹ̀ ni yóò sì jókòó sórí àga MD. Kì í ṣe eré o. Ohun tí MD tuntun bá sọ labẹ gé, àfi ọ̀rọ̀ báńkì nìkan. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ibẹ̀ kò ju méjì lọ, Sìmbíátù àti Abíọ́nà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Abíọ́nà ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun rógun òsì. Ó wá ku Sìmbíátù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Fèyíkẹ́, akọ̀wé MD, yá a ní kóòtù dúdú kan. Ó fún mọ́ ọn láyà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á. Wọ́n mú un wọ ọ́fíìsì tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló máa ń wọ̀ ọ́, tòun ti pákó ìkódọ̀tí. Etí àga ló jókòó sí, bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Nígbà tí Fèyíkẹ́ kan ilẹ̀kùn, ó fò dìde. Nígbà tó mu tíì tán, òun fúnra rẹ̀ ló lọ fọ ife, Fèyíkẹ́ sì ń sáré tẹ̀ lé e pé, "Ẹ fi sílẹ̀ mà! Ẹ fi sílẹ̀!" Nígbà tí Ọ̀gá Olúwọlé wọlé nínú aṣọ búlúù, tó ń ti mọ́ọ̀pù, tó sì ń fi fóònù ya ara rẹ̀, Sìmbíátù kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Dìde jàre," ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni MD. Gbé ẹsẹ̀ ẹ, jẹ́ kí n nu abẹ́ ẹ̀."

Ní nǹkan bí aago méjìlá ni Hakeem wọlé pẹ̀lú ìwé kan. Àwọn kan fẹ́ ra ilẹ̀ ńlá kan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kí àwọn tà á fún wọn ni àbí kí àwọn dúró kí ẹlòmíràn fi kún un?

"Mi ò mọ̀ o," ni Sìmbíátù wí, òtítọ́ ọkàn rẹ̀ sì ni.

Hakeem dúró díẹ̀. Ó mi orí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, Sìmbíátù gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìta: "MD ní ká má kánjú. Wọ́n ní ká wò ó dáadáa ná." Àwọn tó wà níbẹ̀ sì ní, "Hẹn-ẹn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ya Sìmbíátù lẹ́nu. Ó fẹ̀yìn ti àga fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń rò ó. Ṣé òun gbọ́n báyìí látijọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni ò fi sọ fún òun?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pa àwàdà kan níbi ìpàdé òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ làǹdílọ́ọ̀dù wọn ni, èyí tó jẹ ìwé owó iná. Kò tilẹ̀ tíì parí rẹ̀ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi bú sẹ́rìn-ín. Hakeem gbá tábìlì. Ẹnì kan nu omijé nù. Ìgbà mẹ́ta ni Sìmbíátù ti sọ ìtàn kan náà fún Abíọ́nà, Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín rí. Ọjọ́ náà ni Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá ọpọlọ Abíọ́nà kò yá tó.

Ní ti Ọ̀gá Olúwọlé, ẹ̀yìn ti ń dùn ún ní tirẹ̀. Fóònù tó fi ń ya ara rẹ̀ ti wà nínú àpò láti aago mẹ́wàá. Abíọ́nà ṣàánú rẹ̀, ó mú un lọ sí yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí. Ibẹ̀ ni àwọn gbálẹ̀gbálẹ̀ ti ń dojú báàkẹ́tì délẹ̀, tí wọ́n á sinmi díẹ̀. Ó fún un ní ìlàjì búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n iṣẹ́ pẹ̀lú: bí èèyàn ṣe ń fi omi ra ojú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìnù ún, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni wọ́n nù ún. MD mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́rú, ó ti ń rìn létí ògiri. Ọmọ tó gbà síṣẹ́ ní oṣù tó kọjá gbé ẹsẹ̀ sókè fún un láìwò ó lójú, òun náà kò sì wò ó. Hakeem pè é pé kó wá nu tíì tó dà sílẹ̀. "Mo ń bọ̀ sà," ló dáhùn, kó tó rántí ẹni tí òun jẹ́.

Ọjọ́rú yìí kan náà ni Abíọ́nà wá rí MD. Ọmọ rẹ̀ kékeré ní ibà, ó sì fẹ́ tọrọ àyè kí òun lè kúrò ní aago méjì. Fèyíkẹ́ ní kó dúró, ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ MD. Abíọ́nà dúró fún wákàtí kan gbáko, lórí ìdúró. Ní gbogbo àkókò náà, Sìmbíátù ń fi àga yípo. Ó ti rí i pé ó máa ń yí tán pátápátá bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀.

Nígbà tí Abíọ́nà wọlé, ó ní, "Sìmbí, ara Ìdòwú ò yá o. Mo fẹ́ tètè lọ."

Ohun kan gún Sìmbíátù láyà. Kì í ṣe ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá o. "Sìmbí" tó pè é ni. Fèyíkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, Fèyíkẹ́ sì gbọ́.

"Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?" ó bi í.

"Kí n kọ kí ni sílẹ̀?"

"Lẹ́tà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba àyè gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà. Ìlànà ni. Bí mo bá gbà fún ìwọ, ọ̀la ẹlòmíràn á dé."

"Ta ni ẹlòmíràn? Èmi àti ìwọ la wà níbẹ̀."

"Abíọ́nà," ni Sìmbíátù wí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kan tí kò mọ̀ pé òun ní, "gbìyànjú láti lóye ibi tí mo wà."

Abíọ́nà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó jáde, ó lọ bẹ ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé pé kó bá òun kọ lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ ọ́ tán, aago mẹ́ta ti kọjá.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Sìmbíátù ń yẹ ilé-iṣẹ́ wò, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìrìn yìí. Ó ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn, ó bá Ọ̀gá Olúwọlé lórí báàkẹ́tì, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ṣé oorun la gbà yín síṣẹ́ fún ni?"

Ọkùnrin náà ta gìrì dìde. "Ẹ má bínú mà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí mà."

"Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ jókòó sílé. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ yìí pọ̀ ní títì."

Ó ti padà dé ọ́fíìsì kó tó rántí ibi tí òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lábẹ́ àtẹ̀gùn kan náà, Ọ̀gá Olúwọlé ló sọ ọ́ sí òun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ náà, òun sunkún délé. Ìrántí yìí kò dára fún ẹni tó ń mu tíì, ó sì yára fi búrẹ́dì tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sán ni Hakeem kó ẹni mẹ́ta lẹ́yìn wọlé. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ kan sórí tábìlì. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Omi-Ayọ̀ Waterfront, ọwọ́ MD ló kù.

Sìmbíátù wò ó. "Ṣé kì í ṣe Àbàtà Ọ̀pọ̀lọ́ nìyí?"

"Òun ni mà. Orúkọ àtijọ́ nìyẹn."

"Omi wà níbẹ̀ o."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà!" Inú Hakeem dùn gan-an. "Ohun tó jẹ́ kó níyì nìyẹn. Àwọn tó lówó lọ́wọ́, etí omi ni wọ́n ń wá."

Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Atẹ́gùn AC ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí Sìmbíátù lọ́rùn. Ó tún wo àwòrán náà. Wọ́n fi ọ̀dà búlúù tó rẹwà kun omi ibẹ̀, wọ́n ya igi ọ̀pẹ méjì sí i, àti obìnrin kan tó gbé ọmọ dání, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ kankan níbẹ̀. Sìmbíátù mọ ibẹ̀ bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà jọ ohun tó mọ̀ nígbà kan, ní ibòmíràn, pẹ̀lú aṣọ mìíràn lọ́rùn. Ó rò ó pé bóyá ojú ẹsẹ̀ ni òun fi ń wo ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbi gíga yẹ kó rí ọ̀nà jíjìn. Bí òun bá sì sọ pé irà ni, kí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí yóò rò nípa òun? Pé gbálẹ̀gbálẹ̀ ni òun ṣì jẹ́.

Ó wú ikọ́. "Omi kì í ṣe ọ̀tá ilé," ó ní.

 Hakeem mí kanlẹ̀. "Mà," ó ní, "ṣé a lè kọ ìyẹn sára ìwé ìpolówó?"

"Ẹ kọ ọ́," ni Sìmbíátù wí, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Dókítà Ṣèyílọ́lá tún kó wọn jọ, ó ní kí oníkálùkù sọ ohun tó kọ́. Ọ̀gá Olúwọlé dìde, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Ó ní òun kò mọ̀ pé báyìí ni ojú àwọn tó ń gbálẹ̀ ń rí. Ó ní láti òní lọ, òun kò ní fojú àná wò wọ́n mọ́. Omi lé ròrò sí i lójú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, Dókítà náà sì kọ nǹkan púpọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó kan Sìmbíátù, ó ní, "Mo kọ́ pé àga yẹn rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò tó ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun rárá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ọ̀gá Olúwọlé ti padà sórí àga rẹ̀, kò sì fojú àná wò wọ́n lóòótọ́. Ìwé àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ni pé kí wọ́n fi àgádágodo ti yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Ìkejì ni pé láti ọjọ́ Ajé, kí ẹnì kan máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ tí wọ́n bá nù, kí ó mọ̀ bóyá wọ́n nù ún ni àbí wọ́n kàn fi omi ra á.

Sìmbíátù bọ́ kóòtù, ó wọ aṣọ búlúù rẹ̀, ó sì lọ bá Abíọ́nà. Ó na ọwọ́ pé kó gbé mọ́ọ̀pù fún òun.

"Ṣé kí n kọ lẹ́tà kí n tó gbé e fún yín, mà?" ni Abíọ́nà bi í.

Sìmbíátù na ọwọ́ kọjá rẹ̀, ó mú mọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, Lateef wọlé tọ àbúrò rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó mú ìwé pélébé kan dání, tó ní àwòrán ọ̀pẹ méjì lára.

"Sìmbí, mo ti rí ilẹ̀! Ilé-iṣẹ́ yín ló ń tà á. Ní ọ̀la ni wọ́n fẹ́ kó àwọn èèyàn lọ wò ó."

Sìmbíátù jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rà á. Àbàtà Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Àga MD ni mo jókòó lé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Mo sọ fún yín, ẹ ò gbà mí gbọ́."

Lateef rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lú ìfẹ́. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Gbọ́ ohun tí MD wọn sọ níbí: 'Omi kì í ṣe ọ̀tá ilé.' O ò rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó? Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Èmi ni mo sọ ọ́!"

"Ìwọ kẹ̀? Sìmbí, jọ̀ọ́. Ìwọ tó ò mọ iyanrìn yàtọ̀ sí gàrí."

Sìmbíátù sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí, kò wọ Lateef létí. Ó kúkú tẹ̀ lé e lọ wo ilẹ̀ náà.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ já wọn sílẹ̀, nǹkan bí ogún ènìyàn ni wọ́n. Àwọn kan ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ pẹ̀lú kóòtù àti táì, bàbá kan wọ agbádá, ìyá kan gbé gèlè sórí. Gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ́n fi dání, wọ́n sì dúró nínú omi tó bo kókósẹ̀ wọn. Hakeem dúró lórí pákó, ó ń fi ọwọ́ júwe. "Ojú ọ̀nà gba ibí. Ilé ìwé àwọn ọmọ wà níbẹ̀ yẹn." Ó ń tọ́ka sí koríko. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké ní gbogbo àyíká, ó sì gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ òun.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi yìí máa gbẹ?" Àwọn yòókù yíjú wò ó. Bàbá alágbàádá ṣe hùn-ún. Ojú ti ọ̀dọ́kùnrin náà. "Mo kàn béèrè ni," ó ní.

Sìmbíátù ń ṣọ́ Lateef. Bíríkìlà ogún ọdún ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ilẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó rí i tó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ náà rì. Ojú Lateef yí padà, ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ló wo apá ọ̀tún, ó rí alágbàádá tó ń mi orí. Ó wo apá òsì, ìyá onígèlè ń béèrè bóyá èyí tó wà ní kọ́nà ṣì kù. Lateef pa ẹnu dé. Ó fa ẹsẹ̀ yọ.

"Tó bá jẹ́ ti kọ́nà ni," ó ní sókè, "èmi náà fẹ́ ọ̀kan o."

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Sìmbíátù fà á láṣọ.

"Dákẹ́. Wọ́n ń wò wá."

Hakeem sì wò lóòótọ́. Ó rí Sìmbíátù. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ló ti ń kí i, ara rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Ó tẹrí ba kó tó mọ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà, MD!"

Nígbà tó fi rántí, ó ti bọ́. Gbogbo wọn ti yíjú.

"MD fúnra wọn?" "Wọ́n wá fẹsẹ̀ ara wọn!" "Ẹ wo bí wọ́n ṣe múra, aṣọ lásán àti sílípáàsì. Ìrẹ̀lẹ̀ wọn wù mí." Ẹnì kan lọ gbé àga oníke wá láti inú bọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrọ̀fọ̀ fún un. Ìyá onígèlè kúnlẹ̀ díẹ̀, gèlè rẹ̀ fì. Lateef dúró, ó ń wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

Sìmbíátù jókòó. Ó tún rí i pé ara òun ń rọ̀ bó ṣe rọ̀ ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ náà, "Omi kì í ṣe ọ̀tá ilé," wà létè rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọn á pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù ipò náà bà á. Ó dìde kúrò lórí àga náà kíá.

"Irà ni," ó ní. "Àbàtà Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pe ibí. Ilé kò lè dúró níbẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ wọn, àfi bí ẹni pé ìgbà náà ni omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀.

"Mo ti mọ̀!" ni alágbàádá kígbe. "Látìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ ni mo ti mọ̀!"

"Èmi náà, mo kàn ń wò wọ́n níran ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́ìwọ́ì padà sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń yin MD tó jẹ́ olóòótọ́. Ká ní Sìmbíátù dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ti sú u.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀," ó ní. "Èmi kì í ṣe MD. Mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ni. Ìtòsí ibí ni mò ń gbé, òun ni mo fi mọ̀ ọ́n."

Ẹsẹ̀ dúró. Ìyá onígèlè dìde ṣánṣán.

"Gbálẹ̀gbálẹ̀?"

"Kí ni gbálẹ̀gbálẹ̀ mọ̀ nípa ilẹ̀?" ni alágbàádá béèrè. "Ẹ gbọ́ mi bí? Obìnrin yìí fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́!" Ó sọ̀kalẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì, ó padà sínú omi. Àwọn mẹ́wàá tẹ̀ lé e. Hakeem ti gun orí pákó rẹ̀ padà, òógùn bò ó, ó ń sọ pé etí omi ni gbogbo ayé ń lọ báyìí.

Lateef kò tẹ̀ lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un pọ̀. Omi já wálẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà han àwọn tó sún mọ́ ọn. "Bíríkìlà ni mí," ó ní. "Ẹ wò ó." Wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wo aṣọ rẹ̀, wọ́n sì wojú Hakeem. Ọ̀dọ́kùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan nìkan ló wọ bàtà rẹ̀, tó bá tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí rìn dé títì.

Ní ọjọ́ Ajé, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Sìmbíátù débi iṣẹ́ tí Ọ̀gá Olúwọlé fi ránṣẹ́ pè é.

"Ta ló ní kí o máa pe ara ẹ ní MD nígboro?"

"Hakeem ló pè mí bẹ́ẹ̀ sà. Èmi ni mo sọ pé èmi kì í ṣe MD."

"Ìwọ lo fọwọ́ sí ilẹ̀ yẹn. Ìwọ náà lo tún lọ bà á jẹ́. Èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ tìẹ?"

Sìmbíátù ronú sí i dáadáa, torí pé ìbéèrè gidi ni. "Méjèèjì ni sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ nínú omi ni mo mọ̀."

Ọ̀gá Olúwọlé wò ó. Fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ pé ẹni tó jẹ búrẹ́dì Abíọ́nà fẹ́ yọjú. Ni Fèyíkẹ́ bá kan ilẹ̀kùn pé àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti dé, ohùn MD sì tún gbòòrò. "Lọ kó ẹrù ẹ," ó ní.

Abíọ́nà ló bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Wọ́n jókòó sórí irin ojú títì.

"Ara Ìdòwú ńkọ́?" ni Sìmbíátù bi í.

"Ó ti ń jẹun."

"Abíọ́nà, ohun tí mo ṣe sí ẹ lọ́jọ́rú yẹn ò dáa. Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí."

"Ó dùn mí o. Mi ò ní purọ́." Abíọ́nà tún àpò náà gbé sórí ẹsẹ̀. "Mo sunkún nílé. Ṣùgbọ́n mo tún wá rò ó lánàá. Ká ní èmi ni wọ́n gbé sórí àga yẹn, bóyá mi ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó o wọlé rárá."

Sìmbíátù wò ó bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

"Wọ́n ń wá ẹni tó máa gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ajah," ni Abíọ́nà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àbúrò ọkọ mi ló sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ le bí ojú ẹja o, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún èèyàn ní oúnjẹ ọ̀sán. Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ, kí n lè pè ẹ́ bí fóònù ẹ bá tún kú."

Ó kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Awoyaya dé, Sìmbíátù gba àpò, ó wọlé.